Kúbùsù Tí Kò Dọ́gba: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Obìnrin Gee's Bend

Ó pọ̀ nínú ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ń ṣe é mọ ibi tí ó ti yẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kúbùsù onírépé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìbora tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kúìlìtì. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: ojú rẹ̀, tí a fi oríṣiríṣi ìrépé aṣọ rán pọ̀, òwú tí a tẹ́ sí àárín kí ó lè mú ooru, àti aṣọ kan lásán tí ó wà lábẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò wá fi abẹ́rẹ́ gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà. Obìnrin lè fi oṣù mẹ́ta to ìrépé pọ̀ lórí itan rẹ̀, kí ó máa rò pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ọjọ́ tí ó bá tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ni yóò tó rí i pé apá ọ̀tún fi ìka mẹ́ta gùn ju apá òsì lọ, pé igun kan gbé sókè, pé àárín wú bí ikùn aboyún, tàbí pé etí rẹ̀ hunjọ bí ewé tí oòrùn pa.

Ohun tí ń fa èyí kò fara sin fún ẹni tí ó bá mọ aṣọ. Fọ́nrán òwú tí ó lọ ní òòró àti èyí tí ó lọ ní ìbú ni a fi ń hun aṣọ. Bí a bá fà á ní òòró tàbí ní ìbú, kò ní nà púpọ̀; ṣùgbọ́n bí a bá gé e láti igun dé igun, tí a sì fà á, yóò nà bí rọ́bà, kò sì ní padà sí bí ó ti wà. Ojú rírán náà tún ń dá kún un. Bí aránṣọ bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì péré gba aṣọ wọlé ju bí ó ti yẹ lọ, ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n bí ojú rírán bá pé 24 lórí ìlà kan, ìlà náà yóò fi ínǹṣì mẹ́ta kúrú ju ìkejì rẹ̀ lọ. Bí aṣọ líle bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí ó le ni yóò máa darí èkejì.

Àwọn ìwé tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí kì í gba ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀ràn náà. Wọ́n ní kí a tú ojú rírán, kí a tún un rán. Wọ́n ní kí a wọn àárín ojú kúbùsù, kí a má wọn etí rẹ̀, nítorí pé etí ti nà, ó sì ń purọ́. Ìwọ̀n àárín yẹn ni kí a fi gé aṣọ tí yóò yí i ká, kí a sì fi sùúrù fún etí tí ó ti nà mọ́ ọn. Wọ́n ní kí a wọ́n omi sí i, kí a fi abẹ́rẹ́ olórí kàn án mọ́lẹ̀ kí ó gbẹ ní títẹ́jú. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá gbà, kí a gé ohun tí ó yọ jáde dànù. Ìmọ̀ràn rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ láìsọ ọ́: pé aṣọ wà nílẹ̀ tí a lè gé dànù.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Gee's Bend. Abúlé kan ni ní Wilcox County, ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí odò Alabama ti ṣẹ́ kọ́rọ́ tí ó sì yí ilẹ̀ ká ní apá mẹ́ta, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kù díẹ̀ kí ibẹ̀ di erékùṣù. Ní ọdún 1816 ni Joseph Gee, òyìnbó kan láti North Carolina, dá oko òwú sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrú rẹ̀. Ní 1845 oko náà bọ́ sí ọwọ́ ìbátan ìdílé náà, Mark Pettway, ẹni tí ó kó nǹkan bí 100 ẹrú wá láti North Carolina. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ìrìn àjò náà. Orúkọ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará abúlé náà ń jẹ́ títí di òní. Ìdí nìyí tí òǹkàwé yóò fi máa pàdé Pettway lẹ́yìn Pettway nínú àròkọ yìí láìjẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, àwọn ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ ẹrú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń pín irè oko pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń ràwìn lọ́wọ́ oníṣòwò títí di ìgbà ìkórè. A mọ ìsákọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n èyí le ju ìsákọ́lẹ̀ lọ, nítorí pé gbèsè ni òpó tí ó gbé e ró. Ní 1932 oníṣòwò kan ní ìlú Camden, tí ó ti ń wín wọn ní nǹkan, kú. Opó rẹ̀ ní kí wọ́n san gbogbo gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí ó wá gba gbèsè kó ẹran ọ̀sìn, ohun èlò oko, irúgbìn àti oúnjẹ inú àká lọ. Oúnjẹ tí ẹgbẹ́ Red Cross fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi la ìgbà òtútù ọdún náà já. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1937, ìjọba àpapọ̀ rán ayàwòrán kan, Arthur Rothstein, sí abúlé náà. Àwòrán tí ó yà fi ilé onígi hàn tí wọ́n fi ìwé ìròyìn lẹ ògiri inú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù má baà wọlé. Nínú ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan, Jorena Pettway, wà nídìí kúbùsù tí ó ń rán. Ta ni yóò gé aṣọ dànù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Aṣọ oko tí ó ti gbó ni wọ́n ń lò jù, àti àpò ìyẹ̀fun, àti àpò ajílẹ̀ tí a fọ̀. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí aṣọ oko yìí, nítorí pé àwọn tí ń kọ̀wé lórí ẹwà kúbùsù wọ̀nyí máa ń sáré kọjá lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Bí a bá tú ojú rírán rẹ̀, tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, kì í ṣe onígun mẹ́rin tí ó gún ni a óò rí. Ibi itan fẹ̀, ibi ọrùn ẹsẹ̀ há. Orúnkún ti ṣá, ó sì lè ti lu. Ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ ṣì dúdú bí aró tuntun nítorí pé oòrùn kò rí i. Bí a bá to ẹsẹ̀ ṣòkòtò mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí gbogbo ibi itan kọjú sí òkè, ojú kúbùsù náà yóò rí bí abẹ̀bẹ̀, òkè rẹ̀ yóò fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò há. Obìnrin tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò dorí ọ̀kan kodò, kí itan èyí lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ èkejì. Àpapọ̀ wọn yóò wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìlà tí ó wà láàárín wọn yóò wọ́. Ìlà wíwọ́ yẹn ni olùwòran yóò dúró níwájú rẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù lẹ́yìn 50 ọdún, tí yóò ní ó ń jó, ó ń kọrin. Ìṣirò ni. Ìlà wọ́ kí kúbùsù má baà wọ́.

Irú ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú àpẹẹrẹ tí àwọn ará Gee's Bend fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Housetop, èyíinì ni orí ilé. Ìrépé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín. Obìnrin náà yóò rán ègé aṣọ gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, yóò gé ohun tí ó bá ṣẹ́kù kúrò, yóò yí i, yóò rán òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí i ká títí kúbùsù yóò fi tó ènìyàn bò. Kò sí ègé tí a ti wọ̀n sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni rúlà ohun tí ń bọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti fà sẹ́yìn, ègé tí ó kàn yóò fẹ̀ díẹ̀ sí i níbẹ̀. Bí òmíràn bá yọ síwájú, ègé rẹ̀ yóò há. Àyíká kọ̀ọ̀kan ń gba àbùkù èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó rí i pé ìmọ̀ràn tí ìwé ìkọ́ṣẹ́ ń fúnni, pé àárín ni kí a wọ̀n, kí a má gbọ́ ti etí, ni obìnrin wọ̀nyí ń tẹ̀ lé láìní téèpù lọ́wọ́.

Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, nígbà gígán ni wọ́n ń yanjú rẹ̀. Ní Gee's Bend, obìnrin kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ojú kúbùsù tirẹ̀ rán nílé, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò a máa pé jọ láti gán an. Wọn yóò ta á sórí férémù igi, wọn yóò jókòó yí i ká. Ibi tí ó bá wú díẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ òwú inú rẹ̀, yóò sì rọlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣá. Loretta Pettway, tí a bí ní 1942, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ń yìn jù lónìí, sọ fún àwọn tí ó wá bi í léèrè pé òun kò fẹ́ràn ìránṣọ rárá. Òun nìkan ni òun ń ṣe é, òtútù ni ó sì mú òun ṣe é. Mo ka ọ̀rọ̀ obìnrin yìí sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Ọ̀ràn kan wà nínú ìtàn abúlé náà tí ó mú ọ̀rọ̀ gígé-dànù yìí ṣe kedere. Ní 1942 ọkọ Missouri Pettway kú. Arlonzia, ọmọbìnrin rẹ̀, sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìyá òun kó aṣọ tí bàbá òun fi ń ṣiṣẹ́ oko jọ, ó ní òun yóò fi ṣe kúbùsù tí òun yóò máa fi rántí rẹ̀, tí òun yóò sì máa fi ìfẹ́ bo ara òun. Kúbùsù náà wà títí di òní. Àwọ̀ búlúù tí ó ti ṣá ni púpọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ pupa díẹ̀ àti ibi tí omi àti lílò ti kọ àbàwọ́n sí. Kò dọ́gba. Bí ẹnì kan bá fi rúlà àti sísọ́ọ̀sì dúró ti aṣọ yẹn, kí ó ní òun fẹ́ tún etí rẹ̀ ṣe, apá ibo ni yóò gé? Orúnkún bàbá ni àbí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀? Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó mọ ohun tí aṣọ òkú jẹ́ nínú ilé, tí yóò béèrè ìdí tí opó náà fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Títí di àkókò tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó ń fi owó díwọ̀n àìdọ́gba. Ìyẹn yí padà ní 1966.

Nígbà náà ìjà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ti gbóná. Martin Luther King ti wá sí Gee's Bend ní February 1965. Láti 1962 ni àwọn aláṣẹ ti dá ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn sọdá odò dúró, kí àwọn ará abúlé má baà rọrùn dé Camden láti forúkọ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà kò padà ṣiṣẹ́ títí di 2006. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè náà pàdánù iṣẹ́ tàbí ilé. Francis X. Walter, àlùfáà ìjọ Episcopal, ń rìn káàkiri ní December 1965 láti kọ irú ìyà wọ̀nyí sílẹ̀, nígbà tí ó rí kúbùsù tí a sá sórí okùn lẹ́yìn ilé kan. Ó ronú pé a lè tà wọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n pè ní Freedom Quilting Bee sílẹ̀, tí àwọn obìnrin Gee's Bend àti ti abúlé tí ó yí i ká sì di ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ta kúbùsù ní gbàǹjo ní New York. Estelle Witherspoon ni ó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tí ó ra kúbùsù kan ní gbàǹjo lè fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí ìkejì rẹ̀. Ilé ìtajà ńlá kò lè fẹ́ ohun tí kò ní ìkejì. Nígbà tí Bloomingdale's àti àwọn ilé ìtajà bí irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà, oníbàárà tí ó bá rí kúbùsù kan lórí àtẹ ń fẹ́ kí èyí tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí òun rí bákan náà gẹ́lẹ́, kí ó sì gba ibùsùn òun. Nítorí náà àwọn obìnrin tí ó ti ń fi aṣọ wọn aṣọ láti kékeré wá ní láti kọ́ bí a ti ń fi ínǹṣì wọ̀n ọ́n. Àpẹẹrẹ di ohun tí a yàn sílẹ̀. Àwọ̀ di ohun tí a yàn sílẹ̀. Ohun tí kò bá bá ìwọ̀n mu, a óò tú u. Ní 1972 ilé iṣẹ́ Sears gbé iṣẹ́ àpò ìrọ̀rí fún wọn láti fi aṣọ kọ́dúróì ṣe, ẹyọ lẹ́yìn ẹyọ, tí gbogbo wọn jọra.

Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ó bá iṣẹ́ náà lọ. Àwọn kan rí i pé ó há. Wọ́n padà sílé, wọ́n ń ṣe kúbùsù tiwọn bí ó ti wù wọ́n, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ‘ọ̀nà tèmi’. Àwọn tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà lóde òní máa ń gbé àwọn wọ̀nyí ga, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ Freedom Quilting Bee bí ẹni pé ilé ẹ̀wọ̀n ọpọlọ ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Obìnrin tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ dìbò, tí ó wá ń fi abẹ́rẹ́ gba owó tí kò sí onílẹ̀ kankan tí yóò pín nínú rẹ̀, kò sọ nǹkan nù nítorí pé ó kọ́ bí a ti ń lo rúlà. Ẹgbẹ́ náà ra ilẹ̀, ó kọ́ ilé ìránṣọ sórí rẹ̀, ó sì ta nínú ilẹ̀ náà fún ìdílé tí wọ́n ti lé kúrò níbi tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí ó bá ní ọwọ́ tí ó lè ṣe méjèèjì, èyí tí ó gún àti èyí tí ó wọ́, ni mo ń pè ní oníṣẹ́ ọnà.

Ẹ̀rí sì wà pé wọ́n lè ṣe méjèèjì. Ègé kọ́dúróì tí ó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ Sears kì í ṣòfò; àwọn obìnrin kó o lọ sílé. Kọ́dúróì nípọn, kò ṣe é gé wẹ́wẹ́, nítorí náà ègé ńláńlá ni wọ́n fi ṣe é: àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ wúrà. Ọwọ́ kan náà tí ó rán àpò ìrọ̀rí tí kò yẹ̀ ní ọ̀sán ni ó rán kúbùsù tí ìlà rẹ̀ ń yà bàrá ní alẹ́. Ta ni yóò wá sọ pé àìmọ̀ọ́ṣe ni?

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn dojú dé. Ní 1998, William Arnett, òyìnbó kan tí ń kó iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú jọ, wá Annie Mae Young kàn ní Gee's Bend nítorí pé ó ti rí àwòrán kúbùsù rẹ̀ nínú ìwé Roland Freeman. Wọ́n gbé kúbùsù náà lé orí òkìtì igi ìdáná nínú àwòrán náà: ìlà kọ́dúróì pupa, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ilẹ̀ wà láàárín, aṣọ oko búlúù tí ó ti ṣá sì yí i ká. Kúbùsù tí ó ti gbó kò ní iyì púpọ̀ ní abúlé náà nígbà yẹn. Wọ́n a máa fi dáná kí èéfín rẹ̀ lè lé ẹ̀fọn. Ní 2002 wọ́n ṣe àfihàn kúbùsù Gee's Bend ní mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Houston, wọ́n sì gbé e lọ sí Whitney ní New York. Aṣelámèyítọ́ ìwé ìròyìn New York Times fi wọ́n wé iṣẹ́ Matisse àti Klee. Ní 2006 iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ kúbùsù mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹpù. Ní 2007 díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà pẹjọ́ lórí owó àti ẹ̀tọ́ tí ó yẹ kí ó kàn wọ́n. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2008. Ohun tí ilé ìtajà ì bá ti dá padà ní 1970 nítorí pé kò gún ni ògiri mùsíọ́ọ̀mù ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ohun kan bá ti di ohun ìyìn, àlàyé a máa pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ń rán kúbùsù ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ, pé àwọn ìyá ìyá wọn a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan sínú iṣẹ́ nítorí pé Ọlọ́run nìkan ni kò ní àbùkù. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wádìí ìtàn kúbùsù kò rí ẹ̀rí fún un. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, àlàyé tí ó gbilẹ̀ jù ni pé láti Áfíríkà ni ìlà wíwọ́ náà ti wá. Robert Farris Thompson, tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àṣà wa, kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1983 pé aṣọ olójú tín-ín-rín tí àwọn Mande àti àwọn mìíràn ń hun ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni baba irú kúbùsù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò wọ ọmọ Yorùbá létí kíákíá. Ojú aṣọ òkè kì í sábà fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́rin lọ. Ojú kọ̀ọ̀kan ni a ń rán mọ́ ara wọn kí ó tó di ìró tàbí agbádá, ọnà ojú kìíní sì lè má pàdé ti èkejì, nígbà mìíràn nítorí pé ahunṣọ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. A tún mọ ẹ̀kú egúngún tí ìdílé ń fi aṣọ kún láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n kí ohun méjì jọra yàtọ̀ sí kí ọ̀kan bí èkejì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá Gee's Bend sì ti wà ní North Carolina kí wọ́n tó rìn wá sí Alabama. Ẹni tí ó bá gbà pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fẹ̀ lókè, tí ó sì há nísàlẹ̀, ti ní àlàyé kan lọ́wọ́ tí kò nílò láti sọdá òkun.

Síbẹ̀, okùn kan wà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì lágbára ju ìfarajọra lọ. Ní July 1860, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah wọ Mobile, ní Alabama, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ọmọ ogun Dahomey ni ó kó wọn nígbèkùn. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, tí ó kú ní 1935, wà lára wọn. Agbègbè Banté, ní orílẹ̀-èdè Benin ti òní, ni wọ́n gbà pé ó ti wá. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò. Hannah Durkin, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2024, tẹnu mọ́ ọn pé èdè Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ń sọ, ó sì fi hàn pé díẹ̀ nínú wọn dé ìhà Gee's Bend. Arlonzia Pettway, ọmọ Missouri, kò dúró de ìwé kankan kí ó tó sọ ọ́: ìyá ìyá ńlá òun, Dinah Miller, láti Áfíríkà ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé e wá nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí a óò dúró. A kò lè wo kúbùsù tí Missouri fi aṣọ ọkọ rẹ̀ rán, kí a sì tọ́ka sí ìlà kan pé ti Dinah nìyí. Ní ilẹ̀ wa ọkùnrin ni ó ń hun ojú aṣọ tín-ín-rín. Obìnrin a máa hun kíjìpá lórí òfì ìdúró, aṣọ gbígbòòrò sì ni. Ọmọdébìnrin tí wọ́n jí gbé lè má tíì mọ ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tí a lè sọ ni pé ó wà níbẹ̀, pé ó bímọ, pé wọ́n rántí orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà dé, àti pé nínú ìdílé rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kò ti dákẹ́. Èyí tó fún mi.

Freedom Quilting Bee kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2012. Ní 2015 ìjọba àpapọ̀ fi oyè àjogúnbá iṣẹ́ ọnà dá Mary Lee Bendolph, Lucy Mingo àti Loretta Pettway lọ́lá, Loretta tí kò fẹ́ràn ìránṣọ. Láti 2021 ni àwọn obìnrin abúlé náà ti ń ta iṣẹ́ wọn fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń dá iye owó rẹ̀.

Ní February 2024 ilé ìtajà Target gbé aṣọ àti ohun èlò ilé jáde tí ó fara wé iṣẹ́ díẹ̀ nínú wọn. Owó kan ṣoṣo ni wọ́n san fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Iye ọjà tí wọ́n tà kò yí i padà. Ẹ̀rọ ni ó ṣe ọjà náà. Bí ègé aṣọ kan bá ti yẹ̀ ní ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀, ibi kan náà ni yóò ti yẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀dà tí ó jáde, kò ní fi fọ́nrán òwú kan ju ara wọn lọ.